Físà mi kò tíì parí, ṣé mo lè lọ sí Laos ní òpin ọ̀sẹ̀ kí n sì padà?

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Udon Thani, ní Thailand. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ń lò. Àwa mẹ́rin fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Vientiane láàárọ̀ Sátidé, ká padà lálẹ́ Sọ́ńdè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ti pẹ́ níbí ní kò sí wàhálà, pé físà mi ṣì wà títí di ọdún tó ń bọ̀, mo sì ní work permit. Ilé ìtura wo ló dára níbẹ̀, kí ni kí n sì mú dání?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ti ilé ìtura sílẹ̀ ná. Ẹ ṣí ìwé ìrìnnà yín, kí ẹ wá òǹtẹ̀ tí wọ́n kọ re-entry permit sí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọdá afárá Nong Khai tó wọ Laos. Bí wọ́n bá ti tẹ òǹtẹ̀ ìjáde fún yín láìsí ìwé àtúnwọlé yìí, àṣẹ tí ẹ fi ń gbé Thailand ti dópin nìyẹn, ì báà ku oṣù mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ “físà mi ṣì wà” yìí ti sú mi í gbọ́, nítorí ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ jẹ́. Físà Non-Immigrant B (Non-B, ti àwọn tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́) tí ẹ gbà kí ẹ tó dé, àtiwọlé ló wà fún. Nígbà tí ẹ fi wọlé, wọ́n fún yín ní 90 ọjọ́. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ náà. Òǹtẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá yín gbà lẹ́yìn ìyẹn, tí déètì ọdún tó ń bọ̀ wà lára rẹ̀, kì í ṣe físà rárá. Àfikún àṣẹ láti máa gbé inú ìlú ni. Ẹni tó bá jáde láìgba ìwé àtúnwọlé ti fọwọ́ ara rẹ̀ dá àṣẹ náà padà. Work permit kò lè gbà yín sílẹ̀, torí àṣẹ iṣẹ́ ló jẹ́, orí àṣẹ gbígbé yẹn ló sì dúró lé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kò parọ́ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n tiwọn kì í ṣe tiyín. Àwọn kan gba Non-B tó gba wíwọlé lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún kan. Bí wọ́n bá ti wọlé, 90 ọjọ́ mìíràn ni. Irú wọn kò nílò ìwé àtúnwọlé. Àwọn mìíràn, tí àánú wọn ń ṣe mí jù, ń lo ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Thailand máa ń jẹ́ kí wọ́n wọlé láìgba físà, bí arìnrìn-àjò afẹ́. Wọ́n padà dé, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ fún wọn, wọ́n kọjá, wọ́n rò pé nǹkan kan kò ṣe. Òǹtẹ̀ arìnrìn-àjò afẹ́ ni wọ́n gbà! Nígbà tó di Mọ́ńdè, wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níwèé lórí àṣẹ tí kò gba iṣẹ́ láàyè. Ó lè di ọjọ́ tí wọ́n bá lọ gba àfikún tuntun kí àṣírí tó tú.

Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí Thailand ń gbà wọlé láìní físà, kò sì sí lára àwọn tó ń gbà á lẹ́nu ibodè. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ ní rí òǹtẹ̀ èké yẹn gbà. Wọ́n á dá yín padà sí ìhà Laos ni. Alẹ́ Sọ́ńdè sì ni, ilé aṣojú ti tì, àwọn ọmọ kíláàsì yín ń retí yín láàárọ̀. Ó ku kí ẹ bẹ̀rẹ̀ Non-B tuntun láti ìta, pẹ̀lú ìwé tuntun láti ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ fún òun lówó, òun á tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti jáde, ẹ sá fún un. Ìwé àtúnwọlé kì í ṣe ohun tí à ń gbà lẹ́yìn ìjáde.

Gbígbà rẹ̀ kò le. Fọ́ọ̀mù TM.8, fọ́tò, ẹ̀dà àwọn ojú ewé ìwé ìrìnnà yín, àti 1,000 baht fún ẹ̀ẹ̀kan, tàbí 3,800 baht bí ẹ bá fẹ́ máa lọ máa bọ̀ títí àfikún yín yóò fi parí. Ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n kì í ṣí ní Sátidé àti Sọ́ńdè, nítorí náà ẹ má dúró di Fúráìdè lẹ́yìn iṣẹ́. Mo mọ̀ pé pápákọ̀ òfurufú Suvarnabhumi ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ má torí ìyẹn gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ibodè ilẹ̀. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ wo déètì tí wọ́n tẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́: ó gbọ́dọ̀ bá ti àfikún yín mu. Ìròyìn àdírẹ́sì tí ẹ ń fún ìmígíréṣọ̀n ní gbogbo 90 ọjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun láti ọjọ́ náà.

Mi ò rí ìwé yín o. Bí òǹtẹ̀ yín bá yàtọ̀ sí ohun tí mo ṣàlàyé, ọ́fíìsì ni kí ẹ bi, torí òfin àti owó lè yí nígbàkigbà. Ti físà Laos, ilé aṣojú wọn ni kí ẹ bi kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí ìwé kò bá tíì jáde ní Sátidé yìí, Udon Thani fúnra rẹ̀ kò kéré. Ban Chiang, ibi tí wọ́n ti hú ohun ìgbà láéláé jáde, ti wà lára ibi àjogúnbá àgbáyé UNESCO láti 1992, Phu Phrabat, ọgbà ìtàn orí òkè, sì wọ̀ ọ́ ní 2024. Agbègbè kan náà ni méjèèjì wà, ẹ kò nílò àṣẹ kankan láti lọ síbẹ̀. Ìwé ìrìnnà nìkan ni kí ẹ mú dání, bí ẹ bá máa sùn síbẹ̀, torí ilé ìtura á bèèrè rẹ̀.