Ṣé ọdẹ ni Fágúnwà ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìwé D.O. Fágúnwà ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi fún oyè àkọ́kọ́. Mo rí i pé igbó, ọdẹ, oògùn àti iwin kì í tán nínú wọn. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé ọdẹ àti oníṣègùn ni bàbá náà fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, torí ẹni tí kò bá ṣe é rí kò lè mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ ní irú ikú tó pa á jẹ́rìí sí i. Báwo ni kí n ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀?

ÌDÁHÙN: Má gbé e kalẹ̀ rárá.

N kò bínú sí ọ o, ọmọ mi. Ìbéèrè yìí ló ti sú mi, torí kò sí ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kì í gbé e wá bá mi. Tíṣà ni Fágúnwà. Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí ní 1903, onígbàgbọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀, St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà, Ọ̀yọ́ náà ló sì ti ń kọ́ ọmọ léèwé nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ní ti ikú rẹ̀, omi ló gbé e lọ lágbègbè Bida ní oṣù December 1963. Àwọn tó ń sọ pé àwọn iwin ló wá mú un lọ, inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti yá iwin tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn.

Ohun tó ń ṣì yín lọ́nà ni pé ẹ rò pé ohun tó bá pọ̀ jù nínú ìwé ló jẹ òǹkọ̀wé lọ́kàn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ta ló ni nǹkan náà kó tó dọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ni igbó? Àlọ́ ló ni ín. Ọmọ tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ rí mọ̀ pé bí ìjàpá bá ti jáde nílé, igbó ló ń lọ. Ta ló ni ọdẹ? Ìjálá kún fún un, ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó náà kún fún un. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdẹ? Òun nìkan ló ń dá rìn lóru níbi tí ẹlòmíràn kò dé. Bó bá délé tó ní òun rí ẹlẹ́sẹ̀ kan olójú mẹ́rìndínlógún, ta ni ẹlẹ́rìí tí yóò já a nírọ́? Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ ohun tí ojú kò rí rí, ẹnu ọdẹ ni yóò fi sọ ọ́, ì báà má fọwọ́ kan ìbọn láyé rẹ̀. Ọgbọ́n ìtàn sísọ nìyẹn. Má sì gbàgbé ìwé arìnrìn-àjò John Bunyan tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá láti ayé àwọn míṣọ́nnárì: ọ̀nà jínjìn, ewu lọ́tùn-ún lósì, ibìkan tí a gbọ́dọ̀ dé. Ọmọ St. Andrew's kò ní ṣàìmọ̀ ọ́n.

Bí o bá fẹ́ rí Fágúnwà fúnra rẹ̀, ohun tí àlọ́ kò bi í léèrè ni kí o máa wá. Ṣí ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ. Ẹnìkan jókòó jẹ́ẹ́, bàbá àgbà kan yọ sí i, ó sì ní kó mú kálàmù àti ìwé kó máa kọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Àlọ́ wo lo gbọ́ rí tí apàlọ́ ti ní kí wọ́n lọ mú kálàmù wá? Ó sì tún irú nǹkan yìí ṣe nínú ju ìwé kan lọ. Tún wo ibi tí ìrìn náà já sí. Àwọn ọdẹ la igbó kọjá, wọ́n fara gbọgbẹ́, wọ́n dé Òkè Láńgbòdó, kí ni wọ́n wá bá níbẹ̀? Wọ́n jókòó síwájú Ìrágbèjé onílé olójúlé méje, ó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́! Nínú ìwé rẹ̀ mìíràn, Igbó Olódùmarè, Baba-onírùngbọ̀n-yẹúkẹ́ tún ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo yín ń wo ìbọn, ẹ kò wo pátákó.

Amos Tutuola, òǹkọ̀wé tó kọ The Palm-Wine Drinkard, ń kọ́? Ẹmu ló gba gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ yẹn tó jáde ní 1952, ṣé ká wá pe bàbá Abẹ́òkúta ní ọ̀mùtí? Ohun tó ń dá mi dúró níbẹ̀ ni owó. Ọkùnrin tó ń sọ ìtàn nínú ìwé náà ta ikú rẹ̀ ní 70 pọ́ùn, ṣílè 18 àti sísì kan, ó wá yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù rẹ̀, èlé rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Sísì! Àlọ́ kì í ka sísì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, tó ti fi owó oṣù rẹ̀ kékeré ṣe ìṣirò títí, lè kà á. Mo ní “lè” o. Àbá tèmi ni, má fi sínú iṣẹ́ rẹ bí òótọ́.

Àbá yòówù kó jẹ́, ẹ̀rí òde ló ń gbé e dúró. Májèlé pọ̀ nínú ìwé Agatha Christie, obìnrin ará England tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn, a sì mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn ní ọsibítù kan ní Torquay nígbà ogun àgbáyé kìíní. Àkọsílẹ̀ ayé rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa. Wá wo Jules Verne, ará Faransé. Ó kọ odindi ìwé lórí bálúùnù tó ń gbé èèyàn fò kọjá ilẹ̀ Áfíríkà ní 1863. Ọdún 1873 ló tó wọ bálúùnù. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀nà tìrẹ, à bá ti búra pé awakọ̀ òfuurufú ni.

Mi ò sọ pé Fágúnwà kò wọ igbó rí o. Ta ni yóò gbé Òkè-Igbó láyé ìgbà yẹn tí kò ní wọ igbó? Ṣùgbọ́n “ọdẹ ni”, “oníṣègùn ni”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè ní kí o wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn, Fágúnwà sì ní ẹbí. N kì í ṣe lọ́yà. Alábòójútó rẹ ló ni àṣẹ lórí iṣẹ́ rẹ. Bó bá ní kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀, ẹ má ṣáà dárúkọ mi. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá yí àkòrí náà padà. Mú ìwé márààrún, ṣe àkọsílẹ̀ ibi gbogbo tí wọ́n ti dárúkọ kálàmù, ìwé kíkọ àti ẹni tó jókòó tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́, kí o fi wé ibi tí ìbọn ti dún. Bí o bá ti kà wọ́n tán, tún kọ̀wé sí mi.