Ìwọ̀fà káàdì ni mo ṣe fún ọdún mẹ́ta

Àbúrò, o ní o jẹ gbèsè káàdì tí báńkì fi ń yáni lówó (credit card), $4,000, o ò pẹ́ san $120 tí wọ́n ń bèèrè lóṣooṣù rí, síbẹ̀ gbèsè ò dín. Mo ti wà níbẹ̀ rí.

Houston, ní Amẹ́ríkà, ni mo wà ní 2014 tí bàbá mi fi jáde láyé. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú lọ sílé fún èmi, ìyàwó àti ọmọ méjì, káàdì ni mo fi ra gbogbo rẹ̀: $5,000, èlé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. (Màlúù àti aṣọ ẹbí ò sí níbẹ̀ o, ìyẹn ní ìtàn tirẹ̀.) Mo gbé káàdì pamọ́, mo ń san minimum, iye tó kéré jù tí báńkì ń bèèrè lóṣooṣù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mo ti san bíi $4,550. Mo ṣì jẹ bíi $3,480.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò minimum yẹn nìyí: báńkì mi a máa ro èlé oṣù náà, wọ́n á fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè lé e. Lóṣù àkọ́kọ́, $100 jẹ́ èlé, $50 péré ló kan gbèsè. Bí gbèsè ṣe ń dín díẹ̀díẹ̀ ni iye tí wọ́n ń bèèrè náà ń dín, èmi sì rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe mi!

Àwọn baba wa mọ irú èyí. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Bó ṣe é fọ́dún mẹ́wàá, owó tí wọ́n yá ṣì wà níbẹ̀ digbí. Sọgúndogójì tiẹ̀ sàn, òun á wá pariwo lẹ́nu ọ̀nà, ojú á tì ọ́. Báńkì tèmi ń kí mi kú iṣẹ́ ni, wọ́n tún fi kún iye tí mo lè yá.

Àpótí kékeré kan wà lórí ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Òfin tí Obama fọwọ́ sí ní 2009 ló sọ ọ́ di dandan. Ìyàwó mi ló kà á. Ti oṣù àkọ́kọ́ ní bí mo bá ń san minimum nìkan, ó máa tó ọdún 17 kí n tó parí, gbogbo owó tí mo máa san á sì lé ní $13,000. Bí mo bá fẹ́ parí lọ́dún mẹ́ta, kí n máa san $196.

Láti 2017 mo bẹ̀rẹ̀ sí í san $200, n kò jẹ́ kó dín. Oṣù 22 ló gbà. Ká ní $150 àkọ́kọ́ yẹn ni mo dì mú, ọdún márùn-ún ì bá má pé.

Bí èlé tìrẹ bá rí bíi tèmi, $80 nínú $120 yẹn ni báńkì ń jẹ. Dì $120 náà mú, kódà bí wọ́n bá bèèrè $117. Àjọ tó bá kàn ọ́, dà á sí i. Má sì fi káàdì yẹn ra epo ọkọ̀ mọ́: bí gbèsè bá ti ń sùn lórí rẹ̀, ohun tuntun tó o rà ti ń kó èlé láti ọjọ́ tó o rà á.