Èsì sí Ìyá Ìbejì: ta ló ń tà nígbà tí ẹ bá ń rà?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní ẹnì kan tí kò forúkọ hàn sọ pé owó ṣíà (ìpín ìdókòwò) ilé-iṣẹ́ kékeré kan máa di ìlọ́po mẹ́ta kí oṣù tó parí, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ kó owó èsúsú yín sí i. Ẹ má tíì kó o.

Ṣíà tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rà, owó díẹ̀ ló ń gbé e sókè. Onítọ̀hún lè ti rà á sílẹ̀ ní pọ́ọ́kú, kó wá máa pariwo kí ẹ lè rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lówó gọbọi. Ní ọdún 2000, àjọ SEC ti Amẹ́ríkà, tó ń mójú tó ọjà ṣíà, ká irú rẹ̀ mọ́ ọmọkùnrin kan ní New Jersey, tó ń fi oríṣiríṣi orúkọ polówó ṣíà tó ti rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dọ́là 285,000 ló gbà láti dá padà. Ọmọ ọdún 15 o! Àwọn tó ń kà á á ti rò pé àgbà ọlọ́jà ni.

Èmi náà ti fara gbá a rí, ní Kubwa níbí. Ẹni mẹ́rin ló ń yin ṣíà ọ̀hún. Ìgbà tí owó lọ tán ni mo ṣàkíyèsí pé bákan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣi “dividend” (èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà) kọ.

Ẹ bi búrókà yín, ìyẹn ẹni tó ń bá yín ra ṣíà, léèrè pé mélòó nínú ṣíà náà ni wọ́n ń tà lójúmọ́. Kí ẹ sì bi ẹni yẹn ní gbangba: mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá sọ ohun tó fèsì fún wa.