Jersey Mike's tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nítòsí yín: ibi tó ti borí Subway, Firehouse àti Jimmy John's, àti ibi tí kò ti borí wọn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí èèyàn torí Jersey Mike's (ilé ìtajà sáńwíìṣì tó ní ẹ̀ka káàkiri, bíi Subway, Firehouse àti Jimmy John's) tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sí ìtòsí yín fi Subway sílẹ̀, nígbà tí owó rẹ̀ ju ti Subway lọ, tí ẹnìkan sì ti sọ fún yín pé búrẹ́dì àti ẹran kan náà ni gbogbo wọn ń tà ní Amẹ́ríkà níbí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ sáńwíìṣì tútù lẹ fẹ́, mi ò rí èyí tó tó Jersey Mike's nínú àwọn tó wà káàkiri. Tó bá jẹ́ gbígbóná, ọ̀rọ̀ yí padà: Firehouse Subs ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, àfi tó bá jẹ́ cheesesteak (ẹran màlúù díndín àti wàràkàṣì nínú búrẹ́dì) ló ń wù yín. Tí àkókò kò bá sí, Jimmy John's. Subway wúlò fún ẹni tó ní kúpọ́ọ̀nù lọ́wọ́, tàbí ẹni tó fẹ́ kí ewébẹ̀ pọ̀ ju ẹran lọ.

Ohun tí ẹ ń sanwó fún ní Jersey Mike's gan-an ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ẹran lẹ́yìn káńtà. Odindi tòlótòló àti odindi ham (ẹran itan ẹlẹ́dẹ̀) ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá pàṣẹ tán ni wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹran tí wọ́n bá gé ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú ẹsẹ̀ máa ń rọ̀, ó máa ń ṣẹ́ léra wọn, àlàfo á wà láàárín ewé ẹran kan sí èkejì, òróró àti fínígà á sì rí ibi gbà wọlé. Èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n dì mọ́ inú ọ̀rá, máa ń lẹ̀ mọ́ra, omi á sun sí i lára, á máa yọ̀ lẹ́nu. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni Subway lò ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di ọdún 2023 tí wọ́n kó ẹ̀rọ ìgéran wọ àwọn ilé ìtajà wọn. Àtúnṣe gidi ni, mi ò ní fi dù wọ́n. Àmọ́ wọ́n sábà máa ń gé tiwọn sílẹ̀ kí èrò tó dé ni, wọn kì í dúró de àṣẹ yín.

Ibi tí Jersey Mike's tuntun ti máa ń kọsẹ̀ náà nìyí. Bí èrò bá pọ̀ lọ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ wọn kò tíì yá máa ń gé ẹran jọ ṣáájú, wọ́n á tò ó sórí ìwé. Etí rẹ̀ á gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú díẹ̀. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gé tiyín lọ́tun, ẹ kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ tún sọ pé kí wọ́n gé e fẹ́lẹ́. Ẹ máa mọ̀ bó bá nípọn jù: ẹ gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹran náà tẹ̀ lé eyín yín jáde, ó ku búrẹ́dì àti lẹ́tọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Nítorí èyí, ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣí i. Ẹ jẹ́ kó tó nǹkan bí oṣù kan. Ẹ lọ ní aago mẹ́wàá àbọ̀ àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, kí ẹ lè fi ojú tó mọ́ dá a lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì. Inú ilé ìtajà ni Jersey Mike's ti ń yan tiwọn lójoojúmọ́: funfun, wheat (aláwọ̀ búráùn), àti èyí tí wọ́n fi ewé olóòórùn rosemary àti wàràkàṣì Parmesan ṣe. Kò ki bíi ti Agége, èèpo rẹ̀ kò sì le. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìta ìwé: tó bá rọra wú padà, ti òní ni, ó sì wà ní ipò tó yẹ. Tó bá jìn síbẹ̀ tí kò padà, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Lálẹ́, bí èyí tó dára bá ti tán, ẹ mú wheat tó bá ṣì rọ̀ ju kí ẹ mú funfun tó ti gbẹ. Wọn kì í tún fi iná yan búrẹ́dì sáńwíìṣì tútù kó gbẹ (toast) bíi ti Subway, ẹ má retí rẹ̀.

Ti Subway máa ń dùn bíi pé ṣúgà wà nínú rẹ̀, ahọ́n yín kò sì parọ́. Lọ́dún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Ireland dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó orí pé búrẹ́dì Subway kò bá ohun tí òfin wọn pè ní búrẹ́dì mu, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ìyẹ̀fun, nígbà tí òfin fi í sí 2. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ṣúgà rẹ̀, kó fi èyí sọ́kàn.

Báyìí, bí ẹ ṣe máa pàṣẹ. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pè. Tí ẹ bá ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, 13 ni kí ẹ fi dán wọn wò: ham, àwọn ẹran oníyọ̀ bíi ti Ítálì (prosciuttini, cappacuolo, salami, pepperoni) àti wàràkàṣì provolone. Bí ilé ìtajà kan kò bá mọ ẹ̀rọ lò, 13 ló máa tú u fó, nítorí oríṣi ẹran márùn-ún ni wọ́n ní láti gé, kí ó sì dọ́gba. Ẹni tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, 7 ni tòlótòló àti provolone, 6 ni ẹran màlúù, 10 ni ẹja tuna, 14 ni elewébẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á bi yín pé ṣé kí àwọn ṣe é "Mike's Way". Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun ni àlùbọ́sà, lẹ́tọ́ọ̀sì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tòmátì, fínígà pupa, òróró ólífì tí wọ́n pò mọ́ òróró mìíràn, oregano àti iyọ̀.

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é. Fínígà ló yẹ kó ṣáájú, kí òróró tó tẹ̀ lé e. Bí òróró bá ṣáájú, fínígà kò ní dúró lára ewé, ńṣe ni yóò yọ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀, búrẹ́dì ìsàlẹ̀ á sì mu gbogbo rẹ̀. Oregano àti iyọ̀ ló ń kẹ́yìn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ òróró. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ níbẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sílé tàbí ibi iṣẹ́, tí yóò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ ní kí wọ́n fi òróró àti fínígà sínú ike kékeré lọ́tọ̀. Tí ọ̀nà bá jìn gan-an, kí tòmátì náà wà lọ́tọ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n fi mayonnaise pa ojú búrẹ́dì. Ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń dènà omi. Èyí tí wọ́n fi mọ́tò gbé wá sílé láìya nǹkan sọ́tọ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé sáńwíìṣì wọn rin.

Ata ńkọ́? Ẹ béèrè fún cherry pepper relish, ata pupa tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú fínígà. Ó ta díẹ̀, ó kan díẹ̀, ó sì bá tòlótòló mu ju jalapeño lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òun àti banana pepper (ata gígùn tí wọ́n rẹ sínú fínígà) sí i pa pọ̀, kíkan á pọ̀ jù.

Firehouse ní tirẹ̀, àwọn panápaná méjì tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Chris àti Robin Sorensen, ló dá a sílẹ̀ ní Jacksonville, Florida, lọ́dún 1994. Ooru omi ni wọ́n fi ń mú ẹran àti wàràkàṣì gbóná papọ̀, wọ́n á wá yan búrẹ́dì lọ́tọ̀. Ooru yìí ló ń jẹ́ kí wàràkàṣì yọ́ wọ inú ẹran láìjẹ́ kó gbẹ, ohun tí ààrò Subway kò lè ṣe. Àléébù rẹ̀ náà nìyẹn: omi wà nínú ooru. Tí ẹ bá dì í sínú ìwé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìsàlẹ̀ búrẹ́dì á ti rọ̀. Ẹ tú ìwé náà lójú ẹsẹ̀, kódà nínú mọ́tò. Hook & Ladder (sáńwíìṣì wọn tí gbogbo èèyàn ń pariwo) ní ham nínú; ẹni tí kò jẹ ẹ́, kó mú tòlótòló nìkan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ fún àwa tí ata rodo ti mọ́ lára ni ata inú ìgò tiwọn tí wọ́n fi datil ṣe. Datil, ata tí wọ́n ń gbìn ní St. Augustine, Florida, ìran kan náà ni òun àti ata rodo, Capsicum chinense. Òórùn rẹ̀ á sọ fún yín kí ó tó kan ẹnu.

Cheesesteak nìkan ni mo fi Jersey Mike's ṣáájú Firehouse nínú àwọn gbígbóná. Orí irin gbígbóná ni wọ́n ti ń din ẹran àti àlùbọ́sà lójú yín, 17 ni nọ́ńbà rẹ̀, 43 sì ni oní-chipotle (ata gbígbẹ tí wọ́n fi èéfín yan). Ó ń gba àkókò, ẹ má bínú.

Jimmy John's, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Charleston, Illinois, lọ́dún 1983, yára gan-an. Èèpo búrẹ́dì wọn ló le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹran wọn kéré lójú tèmi, mayonnaise wọn pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n dín in kù. Tí ẹ kò bá jẹ búrẹ́dì, ewé lẹ́tọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń wé tiwọn, ó sì dúró lọ́wọ́ ju ti inú abọ́ tí Jersey Mike's ń ṣe lọ. Wọ́n tún máa ń ta búrẹ́dì àná ní owó pọ́ọ́kú, ó dára fún tíì àárọ̀.

Lórí owó, ẹ má fi orúkọ ìwọ̀n wé ara wọn. Kékeré Subway jẹ́ íǹṣì 6, ńlá jẹ́ 12. Regular Jersey Mike's jẹ́ nǹkan bí 7, giant sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Gígùn pàápàá kò sọ gbogbo òótọ́. Ẹjọ́ ti wà lórí Subway pé íǹṣì 12 wọn kò pé 12, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì sọ lọ́dún 2017 pé ìyẹ̀fun pípò kan náà ni wọ́n ń lò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tó gbà wú nínú ààrò ló yàtọ̀. Ohun tó dájú ni kí ẹ yọ ẹran inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kí ẹ fi owó tí ẹ san pín in. Tòlótòló pẹ̀lú tòlótòló ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má fi 13 wé tòlótòló Subway. Ní ti kúpọ́ọ̀nù Subway, ọwọ́ ẹni tó ni ilé ìtajà yẹn ló wà láti gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́, ẹ béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Giant Jersey Mike's ní tirẹ̀ lówó jù lójú, àmọ́ bí ẹni méjì bá pín in, owó rẹ̀ máa ń dín sí ti regular méjì.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, kí n sọ ọ́ kedere: tí wọn kò bá kọ halal sára ilé ìtajà, ẹ má rò pé tòlótòló wọn jẹ́ halal. Ẹ̀rọ tó gé ham lè jẹ́ òun náà ló fẹ́ gé tòlótòló yín. Tuna tàbí ewébẹ̀ ni kí ẹ mú, kí òṣìṣẹ́ náà pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti ọ̀bẹ. Nílùú Ọba (UK), Subway ní àwọn ilé ìtajà halal tí wọn kò ti ń ta ẹlẹ́dẹ̀.

Aláboyún kò gbọdọ̀ jẹ ẹran tútù tí wọ́n gé báyìí, nítorí kòkòrò listeria. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n mú un gbóná dé 165 ní ìwọ̀n Fahrenheit tàbí títí tí èéfín á fi máa rú lára rẹ̀. Cheesesteak tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí irin ló dára jù fún un. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó mú mini (ìwọ̀n wọn tó kéré jù), kí wọ́n yọ iyọ̀ kúrò nínú Mike's Way, kí wọ́n yọ provolone náà. Mílígírámù 2,300 sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀) ni wọ́n ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́ ní Amẹ́ríkà, giant kan tí ẹran inú rẹ̀ jẹ́ ti Italian sì ti kọjá rẹ̀ fíìfíì.

Ẹ sì yẹra fún Ọjọ́rú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta tí ebi bá ń pa yín. Gbogbo owó tí wọ́n bá pa lọ́jọ́ náà ni Jersey Mike's ń fi tọrẹ fún àwọn àjọ aláàánú, èrò á kún dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì ti gé gbogbo ẹran sílẹ̀ láti àárọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kópa nínú ọrẹ náà, ẹ dé ibẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn.