Ṣé òótọ́ ni pé ìràwọ̀ pupa tí à ń rí lókè Ẹ̀pẹ́ fẹ́ bú gbàmù?

Yóò bú, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é. Betelgeuse lorúkọ rẹ̀. Ní oṣù kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹni tó bá dúró létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ yóò rí i ní ọ̀gangan orí rẹ̀, bí ọyẹ́ ò bá bo ojú ọ̀run.

Ìràwọ̀ yìí wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po tó lé ní mẹ́wàá. Hydrogen, afẹ́fẹ́ tó kọ́kọ́ ń jó ní àárín rẹ̀, ti tán, helium, afẹ́fẹ́ mìíràn, ló ń jó báyìí, ló bá wú débi pé bí a bá gbé e sí àyè oòrùn, yóò gbé ayé wa mì. Ó pupa nítorí pé ojú rẹ̀ kò gbóná tó ti oòrùn: nǹkan bí 3,300°C ni tirẹ̀, ti oòrùn sì jẹ́ nǹkan bí 5,500°C.

Lẹ́yìn helium, yóò jó carbon, neon, oxygen, wá kan silicon, èyí tí kì í ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ. Irin ni eérú iná náà, irin kò sì lè fún ìràwọ̀ lágbára kankan. Àárín rẹ̀ á wó lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ara tó kù á fọ́n ká.

Ó lè tó 100,000 ọdún kó tó ṣẹlẹ̀. Ti ọdún 2019 sí 2020 tó ṣókùnkùn, tí gbogbo ayé ń pariwo, eruku tó tú jáde fúnra rẹ̀ ló bò ó. Bíbú rẹ̀ kò sì lè pa wá lára: ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn ju 500 ọdún lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.