Kí ni "àkọ́kọ́" ń ṣe nínú "nọ́ńbà àkọ́kọ́"?

Ẹ béèrè ìdí tá a fi ń pe 2, 3, 5, 7, 11 ní nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ìdáhùn tí ẹnì kan ti fún yín ló bí mi nínú. Ó ní torí pé wọ́n ṣíwájú nínú kíkà ni, pé 1 sì ni olórí wọn. Irọ́ ni! Bó bá jẹ́ ti kíkà ni, kí ló dé tí 97 fi wà níbẹ̀ tí 4 kò sí?

Ọ̀rọ̀ ìbí ni, bí mo ṣe rí i sí nìyẹn. Nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí nọ́ńbà méjì tó kéré sí i kò lè bí tá a bá fi ọ̀kan lọ́nà èkejì, òun ni àkọ́kọ́. Àwọn ló bí ìyókù: 3 àti 5 ló bí 15. 1 ńkọ́? Kò bí nǹkan kan. Ẹ fi lọ́nà 7, 7 náà lẹ máa bá níbẹ̀.

Èyí tí òbí rẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́ méjì péré ni mo ń pè ní olóbìí-méjì: 4, 6, 9, 10, 14, 15, 21, 22. (Ẹ má bá mi jà lórí 4 àti 9. Òbí kan ló ṣe iṣẹ́ méjì.)

Ẹni yẹn tún ní tá a bá sọ àwọn àkọ́kọ́ di púpọ̀ láti 2 lọ, tá a fi 1 kún un, àkọ́kọ́ mìíràn ló máa ń jáde. Ojú tàn án ni. 3, 7, 31, 211, 2311: àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn lóòótọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 30031. Èmi àti pẹ́ńsù jọ jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Àwọn àkọ́kọ́ láti 2 dé 13, 1 ló ń ṣẹ́kù, mi ò tiẹ̀ dán wọn wò. Mo fi 17 pín in, 9 ṣẹ́kù. Mo ń bá a lọ títí dé 53, 33 ṣẹ́kù. Mo gbé 59 sí i, ó pín geere: 509. Olóbìí-méjì ni! Ohun tí Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì àtijọ́, sọ ni pé òbí tuntun máa wà níbẹ̀. Kò sọ pé nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ máa jẹ́ àkọ́kọ́.

Ta ló tún ń fi ọwọ́ pín nǹkan lóde òní? Kọ̀ǹpútà ni gbogbo yín ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà sì ń làágùn: RSA-250, olóbìí-méjì tó gùn tó dígíìtì 250, ọdún 2020 ni wọ́n tó rí òbí rẹ̀.