Ṣé Orúkọ Burúkú ni Àsíyà?

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ń jẹ́ Àsíyà. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé Ànábì fúnra rẹ̀ ti yí orúkọ yẹn padà rí, nítorí pé "aláìgbọràn" ló túmọ̀ sí. Ṣé kí n sọ ọmọ mi lórúkọ mìíràn? Orúkọ tí kì í ṣe ti Lárúbáwá ńkọ́, ṣé Mùsùlùmí lè jẹ́ ẹ?

Ìyá Àsíyà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ kò purọ́, àmọ́ orúkọ méjì ló kà sí ẹyọ kan.

Òótọ́ ni pé hádíìsì kan, ìyẹn ìròyìn nípa ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Sahih Muslim, pé ọmọbìnrin Umar, ọmọlẹ́yìn Ànábì, ń jẹ́ orúkọ kan tó túmọ̀ sí aláìgbọràn, Ànábì sì pè é ní Jamila, ìyẹn arẹwà. Ṣùgbọ́n Àsíyà tí ọmọ yín ń jẹ́, orúkọ ìyàwó Firáónà ni. Àlùkùránì kò dárúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n Súrà 66, áyà 11, fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn onígbàgbọ́: ó wà láàfin ọba alágídí, ó ń bẹ Ọlọ́hun pé kó kọ́ ilé fún òun lọ́dọ̀ Rẹ̀ nínú Àlùjáńnà. Hádíìsì ló sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, ó sì kà á mọ́ Màríámù nínú àwọn obìnrin tó dé ipò pípé.

Ẹnu wa ló pa orúkọ méjèèjì pọ̀. Ẹ ní kí ààfáà kọ orúkọ ọmọ náà sórí bébà fún yín. Bó bá kọ آسية, ẹ ó rí lẹ́tà álífù tó nàró, tó dé fìlà tẹ́ẹ́rẹ́, àti lẹ́tà tó ní eyín kéékèèké bí ayùn. Ti ìyàwó Firáónà nìyẹn. Bó bá kọ عاصية, lẹ́tà áyìnì tí a ń fà jáde láti ọ̀nà ọ̀fun ló ṣíwájú, lẹ́tà kan tó ní ikùn sì wà láàárín. Èyí tí Ànábì yí padà nìyẹn. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n kọ sínú ìwé ọmọ yín, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n tún un kọ. Ìpè yín kò ní yí padà.

Ìtumọ̀ orúkọ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ o. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Hazn, ilẹ̀ gbágungbàgun. Ànábì ní kó máa jẹ́ Sahl, ilẹ̀ títẹ́jú. Hazn ní òun kò ní yí orúkọ tí bàbá òun fún òun padà. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Sa'id, onímọ̀ ńlá ní Mẹ̀dínà, ló sọ pé láti ìgbà náà ni ìwà líle kò ti kúrò nínú ìdílé àwọn.

Ní ti ìbéèrè kejì, ẹ wo àwọn tí Ànábì kò yí orúkọ wọn padà. Umar, Ali, Khadija, kí Ìsìláàmù tó dé ni wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ wọn. Ìtumọ̀ burúkú ni Ànábì lé dànù, àti orúkọ tó sọ ènìyàn di ẹrú òrìṣà. Ìdí nìyẹn tí àwọn Mùsùlùmí Páṣíà fi ń jẹ́ Shirin, adùn, tí àwọn ará Tọ́kì ń jẹ́ Aslan, kìnnìún. Sukarno, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Indonéṣíà, Mùsùlùmí ni, bẹ́ẹ̀ inú ìtàn akọni àwọn ará Íńdíà ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ìkùukùu ló wà nínú orúkọ ọmọ rẹ̀, Megawati, tó ṣe ààrẹ láti 2001 sí 2004.

Àwọn orúkọ Lárúbáwá pàápàá máa ń pa ohùn dà. Mehmet ti Tọ́kì, Mamadou ti Sẹ̀nẹ̀gà àti Mọ́mọ́dù tiwa, Muhammad kan náà ni, ẹni tí a yìn láyìntúnyìn. Ohun tó máa ń wú mi lórí jù ni ìrù orúkọ wa. Lárúbáwá òde òní á ní Kabir, á ní Fatima. Àwa ní Kabiru, Fatimatu. Gírámà Lárúbáwá àtijọ́ ló ni ìrù yẹn. Àwọn tó ni èdè ti gé e kúrò nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwa ṣì dì í mú. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn àgbà ń pe ọmọ yín ní Àsíyátù, ẹ má bá wọn jà. Orúkọ ìyàwó Firáónà náà ni wọ́n ń pè.